Orí Kẹrin: Jíjókòó Ti Ẹni Tí Ọkàn Rẹ̀ Gbọgbẹ́

Títì tó ti Ìbàdàn wá sí Ọ̀yọ́ ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní Fìdítì. Etí rẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń pàtẹ ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí, tí ọkọ̀ á dúró, tí èrò á sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n á ná ọjà, tí wọ́n á rà. Títì kan náà yìí ló ń sọ ìyàwó di opó. Kò sí àgbà kan láàárín Fìdítì sí Ìlọrà tí kò lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí bírékì tírélà ti kọ̀, tàbí ibi tí ọ̀kadà àti bọ́ọ̀sì ti forí sọra. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, àwa ará ìlú mọ ohun tí à ń ṣe. A ó sáré débẹ̀, a ó fa èèyàn yọ, a ó pe Road Safety lórí 122, a ó gbé ẹni tó fara pa lọ sí ọsibítù, a ó sin òkú. Iṣẹ́ ìdóòlà yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá, torí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Wọlé Ṣóyínká ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988. Ṣùgbọ́n ta ni à ń pè fún obìnrin tó jókòó ti àtẹ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí nǹkan kan ò ṣe lára, àmọ́ tí kò rí oorun sùn láti ìgbà yẹn?

Ẹ̀yin ni wọ́n máa wá bá. Ẹ lè jẹ́ olùkọ́ tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn nílé ìwé, nọ́ọ̀sì ilé ìlera alábọ́dé, pásítọ̀, àáfà, ìyálọ́jà, tàbí àǹtí tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé kì í ta ọ̀rọ̀ nù. Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má ti kọ́ yín ní bí a ti ń ṣe é. Ní 1959, àwọn sístà Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, kó àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ lóríṣiríṣi jọ kí wọ́n wá tọ́ àwọn ọmọbìnrin tó ń jáde ilé ìwé sọ́nà. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn sí ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wíwá ló bá wọlé, mo sì rò pé ìyẹn wà lára ìdí tí púpọ̀ nínú wa fi mọ bí a ṣe ń yan sáyẹ́ǹsì tàbí iṣẹ́ ọ̀nà fún ọmọ ju bí a ṣe ń jókòó ti ẹni tó ń sunkún lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú orí yìí. Ìjàǹbá kì í gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó wọlé. Ó já agbára gbà lọ́wọ́ èèyàn, ó ṣe é bó ṣe wù ú, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Tiyín gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ẹ máa gba àyè: kí ẹ tó jókòó, kí ẹ tó bèèrè, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ tó gbàdúrà lé e lórí. Gbogbo ohun yòókù tí mo máa sọ, inú èyí ló ti jáde.

Bí wọ́n ṣe máa ń wá

Ẹ má retí pé ẹnì kan máa wá sọ fún yín pé ọkàn òun gbọgbẹ́. Ohun tí ẹ ó gbọ́ ni pé orí ń gbóná, pé ó ń ṣe é bí ẹni pé kòkòrò ń rìn nínú orí, pé àyà ń já, pé ara bù ú máṣọ láìnídìí, pé oúnjẹ ò lọ lọ́fun. Wọ́n á ti lo oògùn ibà. Wọ́n á ti mu àgbo. Wọ́n á ti lọ ṣe àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù, kí wọ́n tó tún lọ ṣe òmíràn. Ọkùnrin lè sọ pé kò sí nǹkan kan, òun kàn ń tètè bínú ni. Ọmọdé tó ti jáwọ́ nínú ìtọ̀-ilé á tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣe já ara wọn nírọ́. Nígbà tí ewu bá dé, ọpọlọ á kìlọ̀ fún gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà: àyà á máa lù kìkìkì kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ẹsẹ̀ tó fẹ́ sá, èémí á yára, ebi á fò lọ. Iṣẹ́ ìgbàlà ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ewu máa ń kọjá lára àwọn kan, kí ìkìlọ̀ náà má kọjá. Àwọn baba wa ti rí i tipẹ́, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Táyà bẹ́ lójú títì, obìnrin tó jókòó ti àtẹ lọ́jọ́ ìjàǹbá ti dojú bolẹ̀. Ó gbóòórùn pẹtiróòlù, ọjọ́ yẹn sì padà dé sójú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ti rí. Lálẹ́, àlá kan náà ni. Ní ọ̀sán, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́jà kó má bàa fojú kan títì, bí ẹnì kan bá sì fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, á fò sókè.

Àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi orúkọ sí i nínú ìwé àkójọ àìsàn wọn ní 1980, lẹ́yìn tí àwọn sójà tó ja ogun Vietnam ti ń gbé irú ìnira yìí káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn kì í sì í pè é ní àìsàn kí oṣù kan tó pé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọkàn sí èyí. Lára èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí ìjàǹbá bá, àwọn àmì wọ̀nyí á máa rọlẹ̀ fúnra wọn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bí ẹbí bá wà nítòsí, bí oúnjẹ bá wà, bí ẹ̀rù míì kò bá gorí èyí tó wà nílẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń sunkún ló nílò dókítà, ẹ má sì sọ opó ọ̀sẹ̀ méjì di aláìsàn.

Ìjókòó àkọ́kọ́

Ibi ìjókòó ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹ máa sọ lọ. Ẹ má gbé tábìlì sí àárín yín, ó ń rán èèyàn létí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ má dojú kọ ọ́ gbọnrangandan. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́, kí ó lè wo yín nígbà tó bá fẹ́, kí ó sì lè gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí kò bá fẹ́. Ọ̀nà ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣófo. Obìnrin tí wọ́n ti fi agbára há mọ́ yàrá rí, bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí àṣírí, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí ẹ bá sọ. Abẹ́ igi máńgòrò dára ju ọ́fíìsì púpọ̀ lọ, bí etí kò bá sí nítòsí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì, ẹ má fi ìwé ẹ̀rí kí ìyá ẹni àádọ́rin ọdún. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ pè é ní Ìyá tàbí Mà bí àdúgbò ti ń pè é, lẹ́yìn náà kí ẹ tó jókòó. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ ṣọ́ra. Ọmọ tí a ti kọ́ pé kì í jiyàn pẹ̀lú àgbà, bí ẹ bá bi í pé “àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”, bẹ́ẹ̀ ni á sọ, ì báà jẹ́ irọ́. Ẹ sọ ọ́ fún un lẹ́nu ara yín pé ó lè sọ pé rárá fún yín, kò sì ní di àrífín.

Yorùbá ti fún wa ní ìkíni tó yẹ. “Ẹ kú ewu” tó. “Ẹ kú ìrọ́jú” tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dákẹ́. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́, torí pé ìdákẹ́ ń ni wá lára, a sì ń fi ọ̀rọ̀ dí i. A ní bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. A ní ti ẹlòmíràn burú jù báyìí lọ. A ní ọkùnrin kì í sunkún. Ẹni tó jáde láàyè nínú ọkọ̀ tí àbúrò rẹ̀ kú sí, a ní kó lọ máa dúpẹ́, a ò mọ̀ pé ata lójú egbò ni. Ẹni tí ilé rẹ̀ jó, a sọ fún un pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, nígbà tí kò tíì rí ibi tí yóò sùn lálẹ́. Ẹ fi òwe yẹn sápò títí ẹni náà fúnra rẹ̀ á fi pa á. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ pòwe, èyí tó ní “bí a bá ń sunkún, à á máa ríran” ló sàn jù, torí òun gbà pé ẹkún ní àyè tirẹ̀.

Ẹ má fa ọ̀rọ̀ náà tu

Èrò kan wà láàárín wa, ó sì wà láàárín àwọn òyìnbó náà, pé bí ẹni tó rí láburú bá ti sọ gbogbo rẹ̀ jáde kíákíá, yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń kó àwọn tí ìjàǹbá bá jọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí kálukú ròyìn ohun tó rí látòkèdélẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ṣe ìwádìí rẹ̀ dáadáa, wọ́n rí i pé kò dènà àìsàn náà, àti pé ó tilẹ̀ ń dá kún ìnira àwọn mìíràn. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí i mọ́. Ìwé atọ́nà tí àwọn àti àwọn alábàáṣe wọn tẹ̀ jáde ní 2011 fún àwọn tó ń ṣèrànwọ́ níbi ìjàǹbá sọ nǹkan mẹ́ta péré: ẹ wò, ẹ gbọ́, ẹ so èèyàn pọ̀ mọ́ ìrànlọ́wọ́. Ẹ wo ẹni tó ń gbọ̀n, ẹni tí kò ní bàtà, ọmọ tó dá dúró. Ẹ gbọ́ ohun tó bá fẹ́ sọ. Ẹ so ó pọ̀ mọ́ omi, aṣọ, fóònù tó lè fi pe ilé, àti ẹnì kan tó jẹ́ tirẹ̀.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, òótọ́ ni. Ẹni tí wọ́n sì fi ipá mú sọ̀rọ̀, wọ́n tún já agbára gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ni.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ìyá ọlọ́sàn kan ni, àwa la dá a sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ọkọ̀ já wọ àtẹ wọn, ọmọ tó ń bá a tajà kú. Nọ́ọ̀sì tó ń gbà á nímọ̀ràn kéré sí i lọ́jọ́ orí.

“Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ kú ewu o.”

“O ṣé, ọmọ mi.”

“Ibo lẹ fẹ́ ká jókòó sí, Mà? Ìta níbí ni, àbí inú ilé?”

“Ká jókòó síbí. Mi ò fẹ́ inú ilé.”

“Ó dáa, Mà. Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ lẹ máa sọ. Èyí tẹ́ ò bá fẹ́ sọ lónìí, ẹ fi sílẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ní ó tó, ó tó nìyẹn.”

Ìyá dákẹ́ pẹ́. Nọ́ọ̀sì náà dákẹ́.

“Wọ́n ní kí n máa dúpẹ́. Èmi ni mo ní kó bá mi jókòó ti ọsàn. Mo ní mò ń lọ ṣẹ́ owó.”

“Ẹ̀yin lẹ ní kó jókòó tì í.”

“Èmi ni.” Ẹkún bẹ̀rẹ̀.

“Mo wà níbí, Mà.”

Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀ díẹ̀: “Ṣé ká dúró níbẹ̀ lónìí, Mà, àbí ẹ ṣì fẹ́ sọ̀rọ̀?”

“Ká dúró níbẹ̀. Ṣé wàá wà níbí lọ́jọ́ ọjà?”

“Màá wà, Mà.”

Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ẹlòmíràn á ní nọ́ọ̀sì yìí ò ṣe nǹkan kan. Ẹ tún un kà. Ó fún ìyá ní àṣàyàn níbi ìjókòó, ó sì tún fún un ní àṣàyàn níbi ìdúró. Ó dá ọ̀rọ̀ ìyá padà fún un bó ṣe sọ ọ́, láìfi tirẹ̀ kún un. Kò ní kó má sunkún. Èyí tó ṣòro jù ni pé kò sáré sọ pé “kì í ṣe ẹ̀bi yín, Mà.” Òótọ́ ni pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun tí yóò gbọ́ ni pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ti ẹ̀bi náà. Ẹ̀bi máa ń ṣiṣẹ́ kan fún ẹni tí ìjàǹbá bá. Ó rọrùn fún ọkàn láti gbà pé “èmi ni mo fà á” ju kó gbà pé “kò sí ohun kankan tí mo lè ṣe” lọ. Tó bá di ìjókòó kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá ti balẹ̀ sí yín, ẹ lè bi í jẹ́jẹ́: nígbà tí ẹ ń lọ ṣẹ́ owó, kí lẹ mọ̀ nígbà yẹn? Ta ló ń wa ọkọ̀? Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ rìn dé ibi ìdáhùn.

Carl Rogers, ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé lórí iṣẹ́ yìí ní 1957, sọ pé ìwà olùgbaninímọ̀ràn ló ń wo èèyàn sàn: kó jẹ́ olóòótọ́, kó gba ẹni náà láìṣòfin fún un, kó sì gbìyànjú láti fi ojú ẹni náà wo ayé. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé ibi tó pọ̀. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ní ìlú tiwa, èèyàn kì í dá wá. Àbúrò máa ń tẹ̀ lé e, ọkọ á fẹ́ jókòó tì í, ìyá ọkọ á fẹ́ bá a dáhùn. Ẹ bi ẹni náà ní ìkọ̀kọ̀ pé ta ló fẹ́ kó wà níbẹ̀, ẹ sì fi ọ̀wọ̀ sin àwọn yòókù síta.

Ara náà fẹ́ ìtọ́jú

Bí ìpayà bá gbé e níwájú yín, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ ní kó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀. Kó mí sínú jẹ́jẹ́ títí ẹ ó fi ka mẹ́ta, kó mí jáde títí ẹ ó fi ka márùn-ún tàbí mẹ́fà. Èémí tó ń jáde gbọ́dọ̀ gùn ju èyí tó ń wọlé lọ, torí ìyẹn ló ń mú kí àyà rọlẹ̀. Ẹ mí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wá ní kó dárúkọ nǹkan márùn-ún tó ń rí: ewúrẹ́ yẹn, páànù yẹn, agbọ̀n ọsàn yẹn. Ó ń mú ojú rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ yẹn, ó ń dá a padà sí òní.

Ẹ bèèrè ohun tó ń lò. Àwọn kan ti ra Valium tàbí Lexotan lọ́wọ́ kẹ́mísììtì láti fi sùn. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2013 sọ pé kí wọ́n má fún èèyàn ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ nítorí ìpayà inú oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn láburú, ó sì ń di bárakú. Àwọn ọkùnrin a máa sá sínú parágà àti ògógóró. Ẹ má bá wọn jà lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè irú òru tí wọ́n ń rí.

Pípadà sí títì, díẹ̀díẹ̀ ni. Obìnrin tí ẹ̀rù títì ń bà ló máa sọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ilé ni, kó dúró níbẹ̀ kó máa gbọ́ ìró ọkọ̀ lókèèrè títí àyà á fi balẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, kó dé ìkóríta láàárọ̀ kùtù pẹ̀lú ẹnì kan, kó má kúrò nígbà tí ẹ̀rù ń pọ̀, kó dúró títí á fi dín. Ẹni tó bá sá nígbà tí ẹ̀rù wà lókè, ẹ̀rù náà ló mókun. Lẹ́yìn náà kó wá tajà fún wákàtí kan. Àtẹ rẹ̀ lè kúrò létí títì wọnú lọ díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ojo, ọgbọ́n ni, ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà bá ìjọba ìbílẹ̀ Afijio sọ ọ́ ní Jobele.

Ìlú kékeré

Ní ìlú wa, ọ̀rọ̀ máa ń dé ọjà kí ẹni tó ni ín tó débẹ̀. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni di ẹ̀rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kódà bí ẹ kò dárúkọ. Gbogbo ìjọ ló mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú. Ẹ má gbàdúrà fún un lórí gbohùngbohùn. Ẹ má kọ orúkọ sínú ìwé tó wà lórí tábìlì. Ẹ bi í láti ìbẹ̀rẹ̀ bó ṣe fẹ́ kí ẹ kí òun bí ẹ bá pàdé lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣèlérí àṣírí tí kò lópin. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé bí wọ́n bá ń ṣe ọmọdé níkà, tàbí tí ẹnì kan bá fẹ́ pa ara rẹ̀ tàbí pa ẹlòmíràn, ẹ máa wá ìrànlọ́wọ́, òun ni ẹ ó sì kọ́kọ́ sọ fún.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé gba ìtọ́jú lọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2024, ọmọdé 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi àríyá ọdún kan ní Basọ̀run, Ìbàdàn. Àwọn tó jáde níbẹ̀ láàyè ti padà sí kíláàsì, àwọn ìjókòó kan sì ṣófo. Bí ẹ̀gbọ́n ọmọ bá kú, a máa ń sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rìnrìn àjò. Ọmọ náà á wá máa bẹ̀rù ìrìn àjò, á máa dúró de ẹni tí kò ní dé, lọ́jọ́ tó bá sì mọ òótọ́, kò ní gba wá gbọ́ mọ́. Ẹ sọ fún un pé ó kú, ní ọ̀rọ̀ kúkúrú, kí ẹ sì dáhùn ìbéèrè rẹ̀ níye ìgbà tó bá bèèrè. Ẹ jẹ́ kó sùn ti ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bó bá ń fi ìjàǹbá náà ṣeré, tó ń fi agolo gbá agolo, ẹ má nà án. Bó ṣe ń sọ tirẹ̀ nìyẹn. Kó padà sílé ìwé ní kíákíá, torí ohun tó ń lọ bó ṣe máa ń lọ ló ń fi ọkàn ọmọ balẹ̀.

Ilé àdúrà àti ilé oníṣègùn

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá bá yín ti dé ọ̀dọ̀ wòlíì, àáfà tàbí babaláwo kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Thomas Adéoyè Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò ní 1954, kò há àwọn aláìsàn mọ́ inú ọsibítù. Ó fi wọ́n sílé àwọn ará abúlé tó yí Arò ká, kí ẹbí wá bá wọn gbé, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú ní ọ̀sán, ó sì fa àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Nínú ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2020, láti Nàìjíríà àti Gánà, àwọn tí àìsàn ọpọlọ líle ń bá jà lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn aládùúrà gbádùn jù nígbà tí òṣìṣẹ́ ìlera ń bá àwọn olùtọ́jú wọn ṣiṣẹ́ pọ̀. Àìsàn tiwọn le ju èyí tí à ń sọ lọ, àmọ́ ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kàn wá.

Ibi tí mo pààlà sí nìyí: kò sí ẹ̀wọ̀n, kò sí pàṣán, kò sí ààwẹ̀ fún ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ní oṣù Kọkànlá 2019, àwọn ọlọ́pàá kó èèyàn tó lé ní igba jáde nínú ilé kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ń pè ní ilé àtúnṣe, wọ́n bá àwọn mìíràn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2023, tó rọ́pò òfin àwọn wèrè tó ti wà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú tó bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ lè fi òfin yẹn sọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ dúró

Bí wọ́n bá fipá bá ẹnì kan lò pọ̀, ẹ̀kọ́ sùúrù tí mo ti ń kọ́ yín láti òkè yí padà níbí: ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dúró, ara rẹ̀ kò lè dúró. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó kọjá, bó bá sì tètè yá, ó sàn jù. Èyí tó ń dènà oyún kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 120. Kó má fọ aṣọ tó wọ̀; ẹ dì í sínú bébà, ẹ má dì í sínú ọ̀rá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹbí méjèèjì jókòó yanjú ẹ̀ nínú ilé kí ó tó rí nọ́ọ̀sì. Síbẹ̀, òun ló máa sọ pé ká lọ, òun ló máa yan ẹni tí yóò tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, kò sí ìdúró kankan.

Bí ẹnì kan bá sọ pé ayé ti sú òun, ẹ bi í gbangba: “Ṣé ẹ ń rò ó láti pa ara yín?” Bíbèèrè kì í fi èrò náà sí i nínú, ìtura ló sábà máa ń jẹ́ pé ẹnì kan ti dá a mọ̀. Ẹ bèèrè ohun tó fẹ́ lò. Ìlú àgbẹ̀ ni tiwa, oògùn apakòkòrò àti apakoríko wà ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de ike kékeré oògùn apakòkòrò Sniper nínú ọjà nígbà tí ìròyìn àwọn tó ń mu ún pọ̀ sí i. Ẹ bá ẹbí kó gbogbo irú rẹ̀ kúrò nílé lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnì kan sì sùn ti ẹni náà.

Ẹni tí oṣù kan ti kọjá lórí rẹ̀ tí kò yá, ẹni tí kò jẹun mọ́, ẹni tí kò lè tọ́jú ọmọ rẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, ẹ mú un lọ sí ọsibítù UCH ní Ìbàdàn, tàbí ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé mo ní ẹ mú un lọ. Títì tó dẹ́rù bà á náà ló máa gbà dé ibi ìwòsàn. Ẹ bá a wọkọ̀. Nílẹ̀ Zimbabwe, dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda pàdánù aláìsàn rẹ̀ kan tó pa ara rẹ̀. Ìyá aláìsàn náà kò rí owó ọkọ̀ tí yóò fi gbé e wá sí ọsibítù. Ní 2006, Chibanda kọ́ ìyá àgbà 14 ní Mbare, ní Harare, bí wọn yóò ṣe máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìlera, kí wọ́n máa gbọ́ ti àwọn tí ìrònú ti pọ̀ lápọ̀jù fún. Ìwádìí tó jáde ní 2016 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó jókòó ti ìyá àgbà wọ̀nyí yá ju ti àwọn tí kò rí wọn lọ. Fìdítì ní ìyá àgbà, Ìlọrà ní, Akínmọ̀ọ́rìn àti Awẹ́ ní. Bẹ́ǹṣì kò wọ́n.

Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ohun tí ẹ ń gbọ́ máa ń tẹ̀ lé èèyàn délé. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá ẹlòmíràn, tàbí tí ẹ kò fẹ́ kí ẹni náà wá mọ́, ẹ wá olùgbaninímọ̀ràn mìíràn tí ẹ ó máa sọ tiyín fún láìdárúkọ, kí ẹ sì sinmi. Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni ẹ lè gbé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ tiyín jù, ẹ lè fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ lọ sí ilé ìlera alábọ́dé tó sún mọ́ yín jù. Ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ fún nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ẹ bi í ní ọjọ́ tí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní UCH ń gba èrò, iye owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, àti ẹni tó ní mọ́tò tó lè gbé èèyàn lóru. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan há ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yín.